Eèsún Etí Oko Àbúrò

Kí Ẹ̀gbọ́n tó bọ́jú láàárọ̀, á ti yọjú wo oko àbúrò ẹ̀. Bàbá wọn ló pín ilẹ̀ etí odò yẹn fún wọn kó tó kú, ọgbọọgba. Tòmátì ni àwọn méjèèjì ń gbìn. Àmọ́ ti àbúrò á pọ́n ròdòròdò, ti ẹ̀gbọ́n á rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lára bí ìdun.

"Ilẹ̀ kan náà, omi kan náà! Kí lọmọ yìí ń fún tiẹ̀ mu?"

Apẹja lọkọ Ẹ̀gbọ́n. Inú adágún tí odò yẹn ń ṣàn lọ bá nísàlẹ̀ ló ń dẹ àwọ̀n sí, ẹja ibẹ̀ ló ń bọ́ gbogbo ilé. Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára àwọ̀n tó ń tún ṣe. "Ìyá àwọn ọmọ, fi àbúrò ẹ sílẹ̀ jàre."

Ó fi í sílẹ̀ kẹ̀?

Ohun kan ló ń pa á lẹ́rìn-ín nínú oko ọ̀hún. Àbúrò fi eèsún àti igi wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo etí omi, kò gbin nǹkan kan síbẹ̀. "Igbó ọ̀lẹ," ni Ẹ̀gbọ́n ń pè é. Òun mú àdá, ó ṣá tiẹ̀ balẹ̀, ó hú gbòǹgbò ẹ̀, ó kọ ebè títí dé ibi tí omi ti ń lá èèyàn lẹ́sẹ̀. Ebè tiẹ̀ wá pọ̀ ju ti àbúrò lọ. Ara tù ú díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò fi díẹ̀ sílẹ̀ kó di ilẹ̀ mú?"

"Ṣé ilẹ̀ fẹ́ sá lọ ni? Ìlara ló ń ṣe ẹ́!"

Ẹ wo ẹni tó ń pe èèyàn ní onílara.

Lọ́jọ́ tójú ọ̀run ṣú bí ìdí ìkòkò, tí kálukú ń kó aṣọ wọlé, Ẹ̀gbọ́n ń da ìgbẹ́ adìyẹ sórí ebè, àpò lé àpò. Ó tún bu ajílẹ̀ inú àpò lé e bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ orogún. Ó ní kí òjò yìí tó dá, tòmátì òun á ti ju ti àbúrò lọ.

Òjò dé tìjìtìjì, àfi bí ẹni pé wọ́n ń yí àgbá omi dànù. Odò ru, ó ń gé bèbè jẹ bí ẹni tébi ń pa. Nígbà tó dá, eèsún àbúrò ti dọ̀bálẹ̀, àmọ́ gbòǹgbò ẹ̀ di ilẹ̀ mú bí ìyá ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú lọ́jà. Ìdajì oko Ẹ̀gbọ́n ti lọ, tebè, tìgbẹ́ adìyẹ, tajílẹ̀.

Inú adágún ló lọ. Nígbà tóòrùn ràn fún ọjọ́ mélòó kan, omi adágún yí padà, ó ki bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó kan, ó ń rùn. Ẹja ń léfòó, ikùn lókè. Ọkọ gbé àwọ̀n wálé, kìkì ewé yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

"Kí ló pa ẹja mi?"

Àbúrò wà níbẹ̀, ó gbé tòmátì wá fún wọn. Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ẹnu ẹ̀. Bí ọmọ yìí bá yanu, ó parí.

"Òjò ni, bàbá," làbúrò wí. "Ó gbá ọ̀rá oko wa wá. Oúnjẹ tòmátì ló di oúnjẹ ewé inú omi. Ewé yẹn hù jù, ó kú, ó jẹrà, kò fi èémí sílẹ̀ fún ẹja."

*Oko wa.* Wa kẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà ta Ẹ̀gbọ́n ju ìgbájú lọ. Tòmátì tiẹ̀ dáa, bèbè tiẹ̀ dúró, ó wá tún fẹ́ jẹ́ ọmọlúàbí ju òun lọ lójú ọkọ òun?

"Kì í ṣe oko wa!" ló fi ariwo ta. "Oko mi ni. Èmi ni mo hú eèsún, èmi ni mo da ìgbẹ́ adìyẹ nígbà tójò ń ṣú. Má bá mi pín in!"

Ọkọ gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó dìde, ó mú àdá. "Àbúrò, jọ̀ọ́, fún wa ní eèsún díẹ̀ ká lọ gbìn."

Wọ́n gbìn ín sétí bèbè tó kù fún Ẹ̀gbọ́n. Adágún ò tíì mọ́, ọkọ ṣì ń wá ẹja lọ sọ́nà jíjìn. Àmọ́ ní àràárọ̀, kí Ẹ̀gbọ́n tó bọ́jú, á lọ dúró létí odò, á wo eèsún tiẹ̀, á wo ti àbúrò.

Ti àbúrò ṣì ga jù. Á pòṣé, á lọ bomi rin tiẹ̀.