Àdúrà Tí Mo Máa Ń Rán Ẹlòmíràn Gbà

Ní Kétu, ní àárín àwọn ọdún 1970, èmi ni wọ́n máa ń ní kó dá orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Bí mo bá ti gbóhùn sókè, àwọn àgbà á máa mi orí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mi ò mọ àdúrà gbà. Èyí tí wọ́n ń gbà sórí oúnjẹ ni mo mọ̀. Gbogbo èyí tó kù, ọ̀dọ̀ Ìyá Aládùúrà ni mo ń kó o lọ.

Opó àgbà ni màmá yìí, ẹja ni wọ́n ń yan ní Àgbóyì, a sì ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi ká tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo ìjọ ló gbà pé Ọlọ́run kì í pẹ́ dá wọn lóhùn. Oyún ò dúró, ó di Àgbóyì. Ọkọ ń wá iṣẹ́, ó di Àgbóyì. A máa ń gbé omi lọ kí wọ́n gbàdúrà sí i fún wa. Ìyá sọ fún mi nígbà kan pé, “Ìyàwó, ìwọ náà máa yà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Má dúró dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó mọra.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, iṣẹ́ ilé ò jẹ́ kí n ráyè. Ẹ bá mi kí i.”

Àfi bí ibà ṣe mú ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ara ọmọ tún gbóná. Ó di ìró mi mú. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ gbàdúrà fún mi.”

Ojú Ọlọ́run ń tì mí, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan nílé tí kò kí wọn rí. Mo ní, “Jẹ́ kí n lọ pe Ìyá wá.” Ó ní, “Ẹ má lọ.” Èmi fúnra mi ni mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ mi. Mo fi í sọ́dọ̀ aládùúgbò wa.

Ọkọ̀ ò tètè kún. Nígbà tí mo dé Àgbóyì, mi ò rántí kí Ìyá kí n tó rojọ́. Wọn ò béèrè irú àìsàn tó jẹ́.

“Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ?”

“Aládùúgbò ni, mà.”

Wọ́n wò mí. “Ṣé tí o bá pe Ọlọ́run láti Kétu, kò ní gbọ́ ni?” Wọ́n fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, a jọ bọ́ sínú ọkọ̀.

Èrò ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa ká tó dé. Aládùúgbò náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ọmọ náà béèrè mi lẹ́ẹ̀mejì, kò wá béèrè mọ́.

Wọn ò jẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Òbí kì í rí ojú oórì ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní kí n gbàgbé, Ọlọ́run á fún mi ní òmíràn. Bí mo bá dárúkọ ọmọ náà, bàbá rẹ̀ á dìde kúrò níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìbínú ni mo kọ́kọ́ gbé lọ bá a. Bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà láàárọ̀, mà á máa bá a jà, láìsí àmín. Nígbà tí ìjà sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọmọ náà fún un: bó ṣe fẹ́ràn èèpá ìsàlẹ̀ ìkòkò, bó ṣe ń sá fún omi tútù. Kò ní kí n dákẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mi ò tọrọ nǹkan kan mọ́, mo kàn fẹ́ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni.

Títí dòní, mi ò mọ ibi tí ọmọ mi sùn sí. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ fún un pé mo padà wá.