Ọjọ́ tí Mètìrì Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Wa

Òórùn èédú inú áyọ́ọ̀nù àti ti aṣọ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ilé ọ̀gá wa ní Bantè. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń kọ́ níbẹ̀, nígbà tí ìjọba ṣì ní kí gbogbo ayé máa pe ara wọn ní kàmàráàdì. Ọkọ ọ̀gá wa jẹ́ olùkọ́, Mètìrì ni a ń pè é, ó sì ra ìwé Faransé kan tí kò ní èèpo mọ́ ní ọjà Savalou. Lọ́sàn-án, bí a bá ń ṣẹ́ etí aṣọ, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa kà á, á máa tú u sí Ìṣà, èdè ìlú wa, fún wa.

Nínú ìwé náà, àwọn òyìnbó kan ló wà nínú ilé kan lórí òkè, níbi tí omi dídì ti ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú títí tó fi dí gbogbo ọ̀nà pa. Wọ́n pa ọ̀kan nínú wọn sínú yàrá tí a tì láti inú. Ọlọ́pàá inú ìwé náà wá kó gbogbo wọn sí pálọ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde títí apànìyàn yóò fi jẹ́wọ́. Kí n má purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ìwé náà dùn mọ́ wa. Ẹni tó dùn mọ́ jù láàrín àwa ọmọṣẹ́ ni ọ̀dọ́bìnrin kan láti Lougba, tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó kù díẹ̀ kó gba òmìnira iṣẹ́, kó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kalẹ̀, kó lè bọ́ ọmọ náà, torí bàbá ọmọ ti sá lọ sí Nàìjíríà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, léèsì oníbàárà kan tí a kò tíì gé di àwátì nínú yàrá tí ọ̀gá wa ń kó aṣọ sí. Ilẹ̀kùn wà ní títì, yàrá náà kò sì ní fèrèsé. Ó yà mí lẹ́nu pé inú Mètìrì dùn. Ó kó gbogbo àwa ọmọṣẹ́ sínú yàrá náà, ó ní, “Ẹ̀yin kàmàráàdì, olè wà láàrín yín. Ìjẹ́wọ́ nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn.” Ó tì í, a sì gbọ́ bó ṣe gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ọyẹ́ mú, ilẹ̀ tutù, eruku gbẹ wa lọ́fun. Kò pẹ́ tí ọmọ ará Lougba fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níta, lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń bá a gbé e. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń kọrin sí i láti inú, títí tí wàrà fi rin iwájú búláùsì rẹ̀. Ó bẹ Mètìrì kó jẹ́ kí òun fún un lọ́mú kí òun sì padà wọlé. Mètìrì ní ẹkún yẹn gan-an ni yóò mú olè jáde. A ń gbọ́ bí ọ̀gá wa ṣe ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ nítòsí, bẹ́ẹ̀ òun náà ti bímọ rí. Nígbà tí ohùn ọmọ náà há, ìyá rẹ̀ gbẹ́nu mọ́ ilẹ̀kùn.

“Èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn.”

Mètìrì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Kò rí léèsì gbà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó ní yóò ti tà á. Wọ́n gba àlùmọ́gàjí rẹ̀, wọ́n sì lé e lọ, ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ìyá tó bí Mètìrì dé láti ibi òkú ní Tchetti. Léèsì náà ló ró. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé, nítorí ìyá ọkọ a máa wọ yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀, á mú ohun tó bá wù ú, ẹnikẹ́ni kì í bi í. Ìdí nìyẹn tí Mètìrì kò fi kà á mọ́ àwọn tó lè wọ yàrá, tí àwa náà kò sì rántí rẹ̀. Ọ̀gá wa kúnlẹ̀ kí i káàbọ̀. Mo bi ọ̀gá wa bóyá kí n lọ pe ará Lougba padà.

“Ṣé kí ìlú wá gbọ́ pé ìyá ọkọ mi jalè ni?”

Inú ṣì ń bí mi di òní. Mètìrì ka ìwé náà parí fún wa, ẹni tó jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ ló sì pànìyàn lóòótọ́. Mo ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ púpọ̀ láti ìgbà náà, ní ìjọ aláṣọ funfun wa àti nínú ẹbí. N kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni náà ṣe. Mo máa ń béèrè ẹni tó ń sunkún dè é níta.