Parabólì Wa àti Igi Máńgòrò Tọ́ńtọ́n Kuaku

Lánàá, mo gbọ́ ohùn kan lórí òrùlé aládùúgbò mi ní Nimbo, àdúgbò kan nílùú Bouaké: píì, píì, píììì, bí òròmọdìyẹ tó sọnù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń so parabólì, àwo tí à ń fi gba tẹlifíṣọ̀n láti ojú sánmà. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ké fún un bí ó bá ti súnmọ́ ọ̀gangan ibi tí sátẹ́láìtì wà. Kí n tó fọ abọ́ mẹ́ta, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kò mọ̀ pé odindi oṣù kan la fi wá sátẹ́láìtì kan ṣoṣo.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí àwọn ọlọ́tẹ̀ gba Bouaké. Àdúgbò Broukro ni ilé wa wà nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ ti tì, báńkì ti tì, ọ̀nà Abidjan sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníbọn. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé wa àti ti Tọ́ńtọ́n Kuaku, bí àwa ọmọdé ti ń fi ọ̀wọ̀ pè é, olùkọ́ kan tó jẹ́ ẹ̀yà Baulé. Èmi àti Amenan ọmọ rẹ̀ la jọ ń jókòó lórí àga kan náà níléèwé. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń sá lọ sí gúúsù, Tọ́ńtọ́n di ọwọ́ bàbá mi mú, ó ní, “Àlájì, bí wọ́n bá wá kó ẹrù ilé mi, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ ẹ bá mi ṣọ́ igi máńgòrò yìí títí a ó fi dé.” Ìdí igi náà ni wọ́n ri ìwọ́ Amenan mọ́. Kò sí Yorùbá tí èèyàn ń ṣàlàyé irú ìyẹn fún. Bàbá mi ní, “Mo gbọ́.”

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn láàárín àwa Anago, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n ní ìjọba Nàìjíríà ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ kó wa lọ sílé. Àwọn kan ti di ẹrù wọn. Ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà nìkan ni, orí sátẹ́láìtì kan lápá ìlà-oòrùn la sì ti lè rí i. Bàbá mi ra parabólì ńlá kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń kó kúrò nílùú, oníwáyà bí asẹ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ ju mítà méjì lọ.

Àwọn parabólì tí a mọ̀ ní Bouaké a máa kọjú sókè bí àwo tó ń dúró de òjò. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì tí à ń wá jìnnà débi pé ó rẹlẹ̀ mọ́ ibi tí sánmà ti pàdé ilẹ̀. Ẹ na apá yín síwájú, ẹ di ìkúùkù, ẹ gbé e lé orí ìlà ibi tí ilẹ̀ parí sí: kò ga tó ìkúùkù yẹn. Ìwé pẹlẹbẹ kan lédè Faransé tó bá parabólì wá ló kọ́ mi. Mo so òwú àti nọ́ọ̀tì irin kan mọ́ ohun ìwọn igun tí mo ń lò níléèwé, mo wọn dìgíríì mẹ́jọ. Nígbà tí a gbé e dúró, ó dà bí ọmọ tí olùkọ́ ní kó lọ kọjú sógiri. Àwọn tó ń kọjá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: “Anago, parabólì yín ń tòògbé!”

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló ń tì í díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mò ń wo tẹlifíṣọ̀n, tí ojú rẹ̀ kún fún àmì wínniwínni bí èèrà.

“Ó ti dé?”

“Èèrà ni!”

“Ṣé èèrà náà ti dín kù?”

“Bàbá Kékeré, ta ló ń ka èèrà?”

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni a tó mọ̀ pé igi máńgòrò náà ló dí i lójú. Bàbá Kékeré ní ká gé e, pé ẹni tó ni ín kò kúkú sí nílé.

Bàbá mi ní, “Nítorí pé kò sí nílé la ṣe ń ṣọ́ ọ.”

Àwọn àgbà péjọ sílé wa. Ọ̀kan béèrè pé, ẹ̀mí èèyàn àti igi, èwo ló tóbi jù? Wọ́n fún bàbá mi di ọjọ́ Jímọ̀ láti wá ojútùú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á gé igi náà. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Bàbá Kékeré ti ń pọ́n àáké. Èso ọdún náà ti ń so wálẹ̀ lórí igi, síbẹ̀ mo fẹ́ràn parabólì yẹn débi pé ó ń ṣe mí bíi kí wọ́n gé e, ojú sì ń tì mí.

Mo ń rìn kiri àgbàlá, mo ń fojú wọn ilẹ̀. Mo mọ̀ pé igi wà nítòsí, sátẹ́láìtì sì jìnnà. Bí a bá sún parabólì sẹ́gbẹ̀ẹ́, igi á yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo la ó sún un sí? Ìyá mi, tó ń já ewébẹ̀, bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbójú sókè wo igi náà, ó ní, “Ṣé bíi ti oòrùn àárọ̀ ni?”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Inú oṣù kẹta la wà, ìgbà tí oòrùn ń yọ láti ibi tí sátẹ́láìtì wa wà gan-an. Bí ó bá ti yọ tó bí ààbọ̀ wákàtí, ó ti ga dé ọ̀gangan rẹ̀. Ibi tí òjìji igi bá bò nígbà náà, parabólì kò lè ríran níbẹ̀. Ibi tí oòrùn bá ti dé, ojú ọ̀nà ṣí.

Ìyá mi ní, “Ilé ìdáná mi ni oòrùn kọ́kọ́ ń dé nínú ilé yìí. Ibẹ̀ ni mo ń sá ilá mi sí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa jáde. Òjìji igi àti ti ògiri bo àgbàlá pátápátá. Ilé ìdáná nìkan ni oòrùn bà, láti ọ̀gangan àyà mi lọ sókè. Ilé alámọ̀ ni, òrùlé rẹ̀ kò lè gbé parabólì, kò sì sí àyè mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá mi wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò rẹ̀ jáde níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kó wọn tán, ó yíjú sí Bàbá Kékeré.

“Ọkọ mi, àáké tí ẹ pọ́n yẹn, ẹ mú un wá.”

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí parabólì ti dúró lórí òpó níbi tí ilé ìdáná wà tẹ́lẹ̀, èèrà pòórá. Parabólì tó bá wolẹ̀ báyẹn, ooru ilẹ̀ a máa yọ ọ́ lẹ́nu lọ́sàn-án, àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń ríran jù. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ kún yàrá. Àgbà kan bú sẹ́kún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi gbọ́ ìròyìn náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ wa. Kò sí ọkọ̀ kankan. A tú ẹrù, a dúró. Gbogbo àsìkò òjò ọdún náà, abẹ́ páànù kan tí a fi igi mẹ́rin gbé dúró ni ìyá mi ti ń dáná.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí ogun parí, Amenan dé. Bàbá rẹ̀ ti kú sí gúúsù. Ó fọwọ́ lé ara igi náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀dọ̀ wa, ó ní, “Ilé ìdáná yín dà?”

Bàbá mi ní, “Ó ti gbó.”

Amenan ta ilé náà, n kò sì rí i mọ́. Ẹni tó rà á gé igi náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Bàbá mi náà ti lọ. Lónìí, inú fóònù lẹ ti ń wo ìròyìn ilé, ẹ kò nílò òjìji igi kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé igi yẹn, mo sunkún, mo sọ fún ìyá mi pé lásán la wó ilé ìdáná rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé n kò lọ síléèwé rí.

Ó ní, “Wọ́n ní ká ṣọ́ ọ títí àwọn yóò fi dé. Ṣé wọn ò dé ni?”