Fọ́tò Ara Ilẹ̀kùn Fìríìjì

Bí mo bá ti ṣí fìríìjì, ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá wa ní yàrá ìwádìí ní Ìlọrin ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó gbé fọ́tò ara rẹ̀ sára ilẹ̀kùn fìríìjì ibẹ̀, ó ń wò wá bí ẹni pé òun ló dá òtútù inú rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó tú lára sípíkà àlòkù ní Ọjà Tuntun ló fi dì í mú. Bí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni bá bàjẹ́, á ní, "Wàláì, ọwọ́ ẹ ni kò balẹ̀."

Ọmọbìnrin kan láàrin wa ń po lúbúlúbú irin mọ́ jẹ́lì, kó lè fi hàn bí jẹ́lì náà ṣe ń tẹ̀ síbi tí mágínẹ́ẹ̀tì bá wà. Inú fìríìjì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn gan-an, ló ń gbé e sí kó lè dì. Ọdún kan gbáko ni gbogbo irin rẹ̀ fi ń wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, síbi tí fọ́tò ọ̀gá wà.

Lọ́jọ́ tí yóò gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ọ̀gá nínú yàrá ìwádìí náà, tí kò bá yege, ilé ló ń lọ. Ọ̀gá bi í pé, "Kí ló wọ́ irin yìí jọ?"

Ọmọbìnrin náà wo fìríìjì. Gbogbo wa wò ó.

"Ọwọ́ mi ni kò balẹ̀, sà."

Ó yege. Ọ̀gá ní òun fẹ́ràn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ àṣìṣe ara rẹ̀, a sì pàtẹ́wọ́.