Ẹsẹ̀ Gígùn Lábẹ́ Ìbọn Ọ̀túnba

Ẹ bá mi kí ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí àyà òun kan ilẹ̀. Ẹ kí i dáadáa. Ìlú lè dàrú, ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ lè kún fún kòtò, àyà tirẹ̀ á ṣì wà lókè láìní eruku. Irú wọn ni ògo ilẹ̀ Rẹ́mọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo sì ti bá ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bí wọ́n ṣe ń yìnbọn ìdíje láti ọ̀nà jíjìn. A kì í pa ẹran. Pákó tí a kun àmì sí là ń yìn, nínú kòtò yangí àtijọ́ kan láàrin Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Ìmọ̀ nípa ìwà àwùjọ ni mo kà ní yunifásítì. N kò rí i lò níbì kankan bíi kòtò yẹn.

Ohun kan wà tí à ń pè ní ẹsẹ̀ ìbọn: irin méjì tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ìbọn níwájú, tí kì í jẹ́ kó gbọ̀n. Yíyàn án kò le. Ẹni tó bá fẹ́ dojú bolẹ̀ yìnbọn, bó ṣe yẹ, kó ra ẹsẹ̀ kúkúrú, torí bí ìbọn bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó ló ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ tó. Kí ẹsẹ̀ náà lè yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, torí ilẹ̀ yangí kì í tẹ́jú. Kí ìdí rẹ̀ mú ṣóńṣó, torí rọ́bà máa ń yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó parí.

Kò parí fún Ọ̀túnba, alága ẹgbẹ́ wa. Ẹsẹ̀ tó rà ga kọjá orúnkún mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Á jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu ìbọn á máa rìn kiri ojú pákó bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé. Kí n tó mọ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ra irú rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí ẹsẹ̀ kúkúrú ṣe fún un.

“Tíṣà, ta ni mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún? Pákó?”

Mo ní tí wọn kò bá lè dojú bolẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀. Ó wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn.

“Kúnlẹ̀ kẹ̀? Ìyàwó ta ni mí?”

Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde sì ń bọ̀ wá bá wa du ife-ẹ̀yẹ. Ọ̀túnba ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé tí ife bá lọ, èmi náà á lọ. Ni mo bá lo ìwé tí mo kà. Mo sọ fún un pé tí èèyàn bá wo ọ̀ọ́kán kọjá pákó àti òkìtì ẹ̀yìn rẹ̀, àdúgbò Ofin ní Ṣàgámù, níbi tí ààfin wà, ló wà níwájú níbẹ̀, nítorí náà ààfin Kábíyèsí ni ẹni tó bá dojú bolẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ tú ká. Lẹ́yìn náà ló le.

“Ìyẹn ni pé o fẹ́ kí n dojú ìbọn kọ ààfin?”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bèèrè bóyá a lè yí kòtò náà kọjú sí ibòmíràn.

Ọjọ́ ìdíje pé. Àwọn àlejò wa nà gbalaja sínú eruku lọ́kọ̀ọ̀kan, bí alángbá tó ń yá oòrùn. Bàbá kan tó dàgbà ju Ọ̀túnba lọ wà láàrin wọn. Ó yìn ín tán, ó ní kí wọ́n fa òun dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Tiwa ń jókòó sórí àga. Ọ̀túnba yin òpó tó gbé pákó dúró, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Síbẹ̀, àwọn àlejò náà tàsé díẹ̀, ó wá ku èmi nìkan tí n ó yìn gbẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ wa. Tí mo bá yin àárín àmì, ife dúró, iṣẹ́ mi dúró.

Ẹsẹ̀ kúkúrú tí mo ti fi ń wàásù látọjọ́ yìí wà nínú àpò mi. Mo gbé e jáde. Rẹfirí àwọn àlejò wá dúró síbi tí imú mi máa wà tí mo bá dojú bolẹ̀. Dèjì ni, tó máa ń fọ aṣọ iléèwé mi nígbà tí mo jẹ́ àgbà fún un ní sẹ́kọ́ńdírì.

“Ẹ káàsán, Síníọ̀,” ló wí, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. “Ẹ máa dojú bolẹ̀, àbí?”

Mo wo bàtà rẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

“Dèjì, bá mi gbé àga Ọ̀túnba yẹn wá.”

Ife-ẹ̀yẹ náà wà ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí. Ọ̀túnba kò lé mi. Ó ní ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Ẹ̀yin tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ látòkè wá, ẹ má bínú. Èmi náà kò jẹ́ kí àyà mi kan ilẹ̀.