Yanrìn Inú Ìgò Tántì

Lánàá, ọmọ mi ti ìrìn àjò Arigbo dé, ó gbọn yanrìn inú bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe gbọ́ ìró yanrìn náà, ṣààà, báyìí ni owú àtijọ́ tún ru sókè nínú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oòrùn ń ta lára àpáta. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Tántì, ti bá ìjọ wọn rìn nínú aginjù tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbà kọjá, wọ́n sì bu yanrìn ibẹ̀ bọ̀ nínú ìgò kékeré. Gbogbo agboolé pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọmọ wọn, ẹgbẹ́ mi, gbá ìgò náà mọ́yà, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

"Yanrìn aginjù nìyí," ló ń wí.

Aginjù tí èmi mọ̀ ni igbó dídí lẹ́yìn Kèrè, ìlú wa, níbi tí bàbá mi ti ń ṣọdẹ.

"Irọ́ ni!" ni mo ké. "Igi ló wà nínú aginjù! Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń lọ síbẹ̀, ta ló pàtẹ́wọ́ fún wọn rí?"

Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Mo já ìgò náà gbà, mo da yanrìn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá mi ò nà mí. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń fi ìka ṣa yanrìn funfun kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa wa. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé orúkọ ìyá mi ni ìjọ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún ìrìn àjò náà, pé ibà tó dá mi dùbúlẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ náà, láìgbójú sókè, ìyá mi bi Tántì pé: "Ṣé yanrìn ibẹ̀ máa ń jóni lẹ́sẹ̀?"