Àgbà Ló Kọ́kọ́ Wọ Bàálù

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn Probezeit mi, ìyẹn àwọn oṣù tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á pátápátá, ni a gbé àfihàn kan láti Berlin lọ sí Hamburg. Ó dá lórí àwọn awakọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń fò láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń rọ àwọn ará ibẹ̀ pé kí wọ́n ṣe pápá ọkọ̀ òfurufú tiwọn. Èmi ni amọ̀nà. Bàálù onígi kan wà tí kò lè fò. Àwọn èèyàn á tò sórí ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa jókòó sínú rẹ̀.

Mo rí bàbá arúgbó kan lẹ́yìn pátápátá, ara mi ò gbà á. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó di iwájú, mo fi í jókòó sínú bàálù. Ni ìlà bá dàrú. Obìnrin kan ní òun ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ fajú ro: "Ṣé mo ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Káyọ̀dé, ọmọ Ìbàdàn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, sáré wá bá mi. "Sista, ẹ ti bà á jẹ́ o! Níbí, queue is queue. Chefin ń wò yín o." Lóòótọ́, ọ̀gá wa obìnrin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ìwé ìgbélùú mi wọ wàhálà nìyẹn.

Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. "Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn! Olórí ìlú ni àwọn awakọ̀ yẹn máa ń kọ́kọ́ gbé gòkè, torí òun ló lè fọwọ́ sí ilẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin ni olórí ìlú lónìí. Ẹ ti rí ìlú yín látòkè. Ṣé ẹ ó fún wa ní pápá?"

Bàbá bojú wolẹ̀ bí ẹni tó wà lókè lóòótọ́. Ó ní, "Ta ló ń dáko níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí wọ́n ti gba oko ìyá bàbá mi rí láti la ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Obìnrin tó ń bínú lẹ́ẹ̀kan ló dáhùn pé kí wọ́n san owó ilẹ̀ fún àgbẹ̀ náà. Ẹlòmíì ní rárá, kí wọ́n wá ibòmíràn. Ìlà di ìpàdé ìlú.

Nígbà tí a palẹ̀ mọ́, ọ̀gá pè mí. Mo ti ń to ẹjọ́ tí n óò rò.

Ó bi mí pé, "Ta ló ń dáko níbẹ̀ gan-an?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Èmi náà ò mọ̀. Mo ti gbà ọ́ pátápátá, iṣẹ́ tí mo gbà ọ́ sí nìyẹn. Lọ wá àwọn àgbẹ̀ náà."